Ìdọ̀bálẹ̀ Mánẹ́jà Ọládélé

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi Ọládélé ṣe mánẹ́jà báǹkì kékeré kan ní Woliwo, ní Onitsha, kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kóòtù tí òun ń wọ̀ kò gba irú ẹ̀. Bí Alhaja Àìṣát, àgbà oníṣòwò aṣọ láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀, bá wọlé, Ọládélé á mi orí díẹ̀ láti orí àga: "Gúdù mọ́nìn, Mà." Alhaja á fi Ìgbò dá a lóhùn kí ojú lè tì í. Ojú kì í tì í.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó kìlọ̀ fún un: owó tí àwọn oníbàárà ń fi pamọ́ síbẹ̀ ti kéré jù. Bí kò bá wá nǹkan ṣe sí i, wọn á ti ẹ̀ka náà pa.

Lọ́jọ́ kejì, bí Alhaja ṣe yọjú, Ọládélé fò dìde, ó sì na gbalaja sórí ilẹ̀ dídán.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá wa!"

"Hẹ̀ẹ́n! Ṣé ẹ̀yìn ẹ máa ń tẹ̀ ni?"

Ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta páìpù ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gíláàsì. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ní tirẹ̀, kò sóhun tó lè mú kí mánẹ́jà sùn sílẹ̀ níwájú oníbàárà bí kò ṣe pé ó ti jẹ owó rẹ̀.

"Manager dey ground o! E dey beg Mama! Our money don go!"

Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ń sọ ọ́ títí dé àdúgbò Okpoko pé báǹkì ti wó. Èrò dé, oníkálukú ń bèèrè owó rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe báǹkì náà, ṣùgbọ́n kò sí báǹkì tó ń kó gbogbo owó oníbàárà sínú àpótí. Wọ́n ti yá àwọn oníṣòwò ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn yẹn sì ti fi ra ọjà. Mọ́tò tó ń kó owó wá, ó di ọ̀la. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá tán kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, irọ́ onípáìpù á di òótọ́.

Ọládélé fi fóònù pe Alhaja. "Màmá, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Alhaja dé, ó fi Ìgbò ṣàlàyé fún wọn. "Ó kí mi ni o! Báyìí làwọn ọmọ wa ṣe ń kí àgbà. Tèyí ló kàn pẹ́ kó tó rántí."

"Irọ́!" ni onípáìpù wí. "Tó bá jẹ́ ìkíni lóòótọ́, kó kí àwa náà!"

Alhaja yíjú sí mánẹ́jà. "Délé, o gbọ́. Kí wọn."

Omi òjò àná ṣì wà nílẹ̀ níta. Tòun ti kóòtù, Ọládélé dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún bàbá tó wà níwájú ìlà.

"Nwa m, bilie," ni bàbá náà wí, pé kí ọmọ òun dìde.

Ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó tẹ̀ lé e. Ìyá yìí kò ní kọ́bọ̀ ní báǹkì náà. Ọ̀kpá, oúnjẹ Ìgbò tó dà bíi mọ́ínmọ́ín, ló wá tà fún àwọn tó tò. Ó pariwo, ó fi ọpọ́n sílẹ̀, ló bá ń sá. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti bú. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́kpá, gbèsè wo ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ìlà tú. Nígbà tí wọ́n máa tilẹ̀kùn, owó ṣì kù nínú àpótí.

Onípáìpù ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó ń dá owó tó gbà padà. Ṣùgbọ́n kò lọ bá akọ̀wé. Ó lọ dúró níwájú Ọládélé, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́, ó ń wo ilẹ̀, ó ń retí ìkíni tirẹ̀.