Mo Ti Ko E Sile

Ẹ̀kọ́ òfin ni ìyàwó mi ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti lo ọdún méjì lẹ́nu rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni èmi. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni mo ti ń pe ara mi ní ọkọ lọ́yà níbi iṣẹ́, tí mo sì ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn oníbàárà tí wọn kò fẹ́ san owó àga wọn. "Ẹ rọra o, lọ́yà ń bẹ nílé mi." Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tó ń ya irun ọmọ wa àgbà, tó ní òun fẹ́ fi òfin sílẹ̀, òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀.

"Awọnlẹ̀? Àwọn tó máa ń di ojú kan, tí wọ́n ń yọjú wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú títì?"

"Àwọn náà ni."

"Ọdún méjì tó o ti lò ńkọ́?"

"Ọdún méjì ti lọ. Ṣé kí n wá fi ìyókù ayé mi tẹ̀lé e ni?"

Ká sọ tòótọ́, ìwọ̀n wà lẹ́jẹ̀ obìnrin yìí. Àpótí aṣọ ńlá tó wà ní yàrá wa, èmi ni mo kàn án, òun ló wọn ògiri. Mo ní yóò wọlé, ó ní kò ní wọlé. Mo kó gbogbo ẹnu mi jọ, mo ní ta ni kápẹ́ńtà nínú wa. Agbára ni mo fi tì í wọlé. Títí di òní, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò lè ṣí tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kọ́ ló bí mi nínú. Owó ni. Ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti bímọ la fi ń san owó ilé ìtọ́jú ọmọ, òun náà la fi ń dí owó ilé. Ẹni tó bá yí ẹ̀kọ́ padà, wọn yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n lè máa fún un lọ, wọ́n sì lè ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ti ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, àtòfin àtilẹ̀, torí owó iṣẹ́ mi kò lè gbé ilé, ọmọ méjì àti yunifásítì.

Ẹ̀rù ló bà mí. Àmọ́ ẹnu mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn, ariwo ló mọ̀.

"Tó o bá lọ yí i, tìẹ nìyẹn o," ni mo wí. "Ìwọ nìkan ni kó o gbé ẹrù ẹ. Má kà mí mọ́ ọn."

Ó wọ bàtà fún ọmọ, tọ̀tún ló wọ̀ sí tòsì, ọmọ náà ló sọ fún un. Mo fa ilẹ̀kùn, mo jáde.

Ọwọ́ ìyálẹ̀ta ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ìyàwó mi, kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí nígbà èwe, kò sí "ẹ̀yin" láàárín wa. Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ̀wé sórí fóònù lòun náà ṣe kọ tirẹ̀, láìfi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀: "Mo ti ko e sile. Ma binu. Ti mo ba jade a maa soro."

Ayùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ti kọ̀ mí sílẹ̀!

Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí à ń pè ní Adájọ́, nítorí kò sí ìjà tí kì í dá, pàápàá èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá bá a. Ó gba fóònù náà, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀, ó kà á, ó mi orí.

"Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ó ti kọ̀ ẹ́. Ó tiẹ̀ tún ní kó o má bínú. Ọmọlúwàbí ni, má purọ́ mọ́ ọn."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọkọ nìyẹn?"

"Ṣebí òfin ló kọ́. Ó mọ ibi tí wọ́n ń gbà."

Mo pè é, fóònù ti kú. Mo mọ ibi tó wà: ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó owó akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀kọ́ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. N kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, n kò gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lórí. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì mí ń sín láìdákẹ́, ó sì ń wò mí bíi pé èmi ni ọ̀fìnkìn. Kò sí owó lọ́kàn mi mọ́. Ìyàwó mi ni mo ń rò, òun àti bàtà ọmọ tó wọ̀ sódì nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, ẹ jẹ́ n wí i síta.

Mo bá a níwájú tábìlì òṣìṣẹ́ kan tó gbé awò ojú sí iwájú orí. Àwọn èèyàn tò sórí àga oníke lẹ́yìn wọn, oníkálukú di nọ́ńbà rẹ̀ mú. N kò gba nọ́ńbà kankan.

"Ṣé ẹ̀yin ni ọkọ wọn?" ni òṣìṣẹ́ náà bi mí.

"Èmi ni!"

"Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe wá. Ọ̀rọ̀ yín la ń sọ lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ gbà?"

"Mi ò gbà!"

Àwọn tó wà lórí àga nàgà wò mí.

"Ẹ ò gbà?"

"Mi ò gbà láéláé! Ẹ fa gbogbo ẹ̀ ya!"

Òṣìṣẹ́ náà fi bírò lélẹ̀. "Màdáámú, tọ́kọ yín ò bá gbà, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é. Owó náà máa dúró."

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó kàn ń wò mí, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. "O ti sọ ọ́ nílé," ló wí. "O tún wá sọ ọ́ níwájú èèyàn."

"Ṣé èmi kọ́ ló yẹ kí n máa sunkún? Ìwọ lo kọ̀ mí sílẹ̀!"

"Èmi?"

Mo na fóònù sí i. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wá kà á sókè bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó kọ ọ́: "Mo ti kọ ẹ́ sílẹ̀. Kọ! Mo kọ orúkọ ẹ sílẹ̀! Wọ́n ní kí n kọ ẹni tá a jọ máa gbé ẹrù ilé. Ta ni n bá kọ?"

Orúkọ mi wà nínú ìwé lóòótọ́, pẹ̀lú èyí tí n kò lò mọ́ láti ilé ìwé. Mo jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀ mí. Ara tù mí débi pé ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń bọ̀, n kò mọ èyí tí n bá kọ́kọ́ gbà láàyè. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí awò rẹ̀ fi já bọ́ sórí imú. Bàbá kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fa tèmi ya o!"

"Ẹ jẹ́ n tún un bi," ni òṣìṣẹ́ náà wí. "Ìyàwó yín fẹ́ fi òfin sílẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ẹ̀yin lẹ jọ máa gbé e. Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà." Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá, n kò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó lu òǹtẹ̀. "Owó yín ń bá a lọ. Ẹ lè máa lọ."

Lórí àtẹ̀gùn níta, ìyàwó mi gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò nínú irun ojú mi. Mo ní láti òní lọ kó máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ kọ sí mi.

"Èmi gbàgbé àmì," ló wí. "Tìẹ ti àárọ̀, gbogbo àmì ẹ̀ ló pé. Ìwọ kọ̀ mí sílẹ̀, èmi wá síbí, mo kọ ẹ́ sílẹ̀."

Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún fún àwọn ìwé òfin tó fẹ́ lọ dá padà. Mo gbé e kọ́ èjìká.

"Ṣé kò wúwo?"

"Rárá o," ni mo wí. Irọ́ ni. Èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.