Pátákó Tó Ń Ya Ìlà Wíwọ́

Ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ilé-ìwé fún àwọn ọmọdé, ayàwòrán kan wà tí gbogbo ará ibẹ̀ ń pè ní Má-parẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi jókòó sídìí tábìlì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó rí ìrésà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun tó bá ti yà, ó yà á náà nìyẹn. Bí ìlà kan bá ṣèèṣì gba ibi tí kò yẹ lọ, á sọ ọ́ di irun tàbí òjìji tàbí ewé, á sì ní ohun tó wà lọ́kàn òun láti àárọ̀ nìyẹn. Màlúù kan wà nínú ìwé kíkà kejì tó ní ìwo mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bi Má-parẹ́, ó ní ṣé gbogbo màlúù ayé ni wọ́n ti rí tán ni.

Bó ṣe ń yàwòrán kò jọ ti ẹlòmíì. Kálàmù rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Ìwé ló ń yí. Bó bá fẹ́ ya ìlà tó tẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa yí ìwé bí awakọ̀ tó ń yí ọkọ̀ ní kọ́nà, kálàmù á kàn dúró sí àyè rẹ̀, ìlà á sì máa bọ̀ geere. Ọwọ́ òsì yẹn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé kì í gbàṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Lábẹ́ gbogbo àwòrán, ní igun ìsàlẹ̀, á wá fi lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà kọ ọ́ pé: Má-parẹ́ ló yà á. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá gbé ìwé ilé-ìwé wọn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á pè wọ́n, á ní kí wọ́n ṣí ibi tí àwòrán eegun ẹsẹ̀ tóun yà wà, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Máníjà tuntun wá dé. Kò dàgbà ju àkọ́bí Má-parẹ́ lọ, kì í sì í ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín láìjẹ́ pé ó ti ka ohun tí àwọn tó ti rà á kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí òjò bá ń pa á lọ, á kọ́kọ́ wo iye ẹni tó jẹ́rìí sí i kó tó sá wọlé. Òun ló gbé pátákó ìyàwòrán wá fún Má-parẹ́: nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tó ní wáyà tó wọ kọ̀ǹpútà, àti kálàmù kan tí kò ní yíǹkì. Ohun téèyàn bá yà lórí pátákó náà kì í hàn lára rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ló máa ń hàn sí. Máníjà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún èèyàn ló ti yìn ín.

Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tuntun fún àwọn ọmọ kékeré. Àwòrán ọkàn èèyàn ló máa wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, orí pátákó yẹn ló sì gbọ́dọ̀ ti wá, kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Tí kò bá wá ṣeé ṣe, bàbá, iṣẹ́ wà ní sítọ́ọ̀," ni máníjà wí, ó sì káwọ́ sẹ́yìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Wọ́n ń wá ẹni tí á máa di ìwé sínú páálí."

Má-parẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí máníjà má ṣèyọnu, pé ìgbà tí wọ́n ṣì ń pọn ọ́n sẹ́yìn lòun ti ń lo irú rẹ̀. Irọ́ ni. Kò rí irú rẹ̀ rí láyé. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tó ti lanu sọ pé òun mọ ọ̀nà, ta ló fẹ́ bi?

Ó gbé e lọ sílé. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ wọn, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ló sì ni ìdajì rẹ̀. Má-parẹ́ gbé kọ̀ǹpútà àti pátákó sí ìdajì kejì, ó mú kálàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọkàn. Ìlà tó yẹ kó gòkè lọ gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ sí ọ̀tún dorí kodò. Ó pòsé, ó tún un yà, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, ó ń yí pátákó síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà jọ àpò ìrẹsì tó já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ ka ohun tí àwọn tó ti ra pátákó náà kọ. Ẹnì kan fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún nítorí pé páálí rẹ̀ dára, ó ní òun kò tíì ṣí i. Òmíràn fún un ní ìràwọ̀ kan nítorí pé ọlọ́kadà tó gbé e wá kò kí òun. Obìnrin kan kọ ọ́ pé ọmọ òun, ọmọ ọdún méje, fi ya adìyẹ kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i, ẹ ó fẹ́ ju àgbàdo sí i. Ibi tí Má-parẹ́ ka ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méje yìí dé ni inú ti bí i. Ó wá orúkọ kan fún ara rẹ̀, Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù, ó sì fún pátákó náà ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ pé òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, pé òun ti yẹ pátákó náà wò tinú tẹ̀yìn, àti pé láti ilé tí wọ́n ti ṣe é ni ìlà rẹ̀ ti wọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ogójì èèyàn ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tàwọn náà ń ṣe, pé àwọn ti rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti tó igba. Orí Má-parẹ́ wú. Ó pa ọkàn tó yẹ kó yà tì, ó di dókítà fún gbogbo ẹni tí pátákó rẹ̀ wọ́. Obìnrin kan bi í pé kí lòun lè ṣe sí i. Má-parẹ́ ní kó ki ìwé bọ abẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní apá òsì, kí kọ̀ǹpútà náà lè dagun díẹ̀. Obìnrin náà padà wá, ó ní òun ti ki ìwé mẹ́fà bọ̀ ọ́, ó ti ń gún bọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ Ọ̀mọ̀ràn ó rọ.

Ọjọ́bọ̀ dé báyìí, ọkàn kò tíì jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń rán ọrùn aṣọ kan lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó sì wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá wọn, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yí i?"

"Ta ló ń yí kí ni?"

"Ọwọ́ òsì yín."

Má-parẹ́ wolẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà létí pátákó bí olè tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

"Èmi náà máa ń yí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "torí pé ara aṣọ náà ni òwú ń bọ́ sí. Ṣé ara pátákó yẹn ni ìlà tiyín ń bọ́ sí ni? Ojú kọ̀ǹpútà kọ́ ni? Ẹ wá ń yí pátákó, kọ̀ǹpútà ò sì kúrò níbi tó wà."

Má-parẹ́ ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ bí obìnrin náà ṣe wọ ilé ìdáná, Má-parẹ́ ki ọwọ́ bọ agbọ̀n ìránṣọ rẹ̀, ó mú sẹ́lótéèpù, ó sì lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó náà mọ́ tábìlì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ fà á títí, kò lọ. Ó wá ya ìlà kan, ìlà náà lọ tààrà. Ó ya òmíràn, ó tẹ̀ níbi tó yẹ kó tẹ̀. Ó ya ọkàn náà tòun ti gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ àti èyí tó jáde, láìdúró, láìparẹ́, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù, ojú sì tì í.

Ká sòótọ́, ó gbìyànjú. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti kọ tẹ́lẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ará, kò sí àbùkù lára pátákó yìí. Àwa la ń yí i. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì." Èsì kò pẹ́. Ẹnì kan bi í pé èló ni wọ́n fún un. Òmíràn ní Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù kọ́ ló kọ eléyìí, pé wọ́n ti gba orúkọ bàbá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin oníwèé mẹ́fà ní tòun ti gún ní tòun o, kí ẹnikẹ́ni má wá dà á rú mọ́ òun lọ́wọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Má-parẹ́ fara dà á fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó pa ohun tó kọ gbẹ̀yìn rẹ́, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láìparẹ́, òótọ́ ló wá kọ́kọ́ pa rẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ọkàn rẹ̀ wọ ọ́fíìsì máníjà. Ó bá pátákó méjì tí máníjà rà fún àwọn òṣìṣẹ́ míì nínú páálí wọn, wọ́n ti dì wọ́n láti dá wọn padà. Ìwé kan wà lọ́wọ́ máníjà, ó ti fi ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní kí Má-parẹ́ jókòó, kó gbọ́ ohun tí ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù sókè, ó ń kà á bí ẹni tó ń wàásù.

"Kò wọ́ o, sà," ni Má-parẹ́ wí. "Ẹ wo ọkàn tí mo fi pátákó náà yà."

Máníjà wò ó. "Bàbá, irínwó èèyàn ló fọwọ́ sí i pé ó wọ́. Bẹ́ ẹ bá lò ó tẹ́ ò rí i pé ó wọ́, a jẹ́ pé ojú yín ló ti lọ nìyẹn."

"Èmi ni mo kọ ọ́." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè Má-parẹ́. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, á ní láti sọ ìyókù: pé òun ló jókòó fún ọjọ́ mọ́kànlá tó ń yí pátákó bí ẹni ń lọ ata, òun ló sì mú kí ẹni ẹlẹ́ni ki ìwé mẹ́fà bọ abẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbé e mì. Máníjà ní kó bẹ̀rẹ̀ ní sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé òun ti kọ̀wé sí Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù kó wá gba ìdí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ìwé náà sì wà nínú fóònù rẹ̀ nígbà tó délé. Máníjà pè é ní bàbá nínú iṣẹ́, ó ní òun ń retí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má-parẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dáhùn pé ọwọ́ Ọ̀mọ̀ràn dí, àmọ́ ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Má-parẹ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó kúrò nídìí tábìlì rẹ̀, torí pé òun ti ń fojú sí iṣẹ́ rẹ̀ ó ti pẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò kúkú sọ fún un pé ẹ̀yin ni?"

"Kó lè mọ̀ pé èmi ni mo ń yí pátákó?"

Obìnrin náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, máníjà fúnra rẹ̀ ló wá pè é jáde ní sítọ́ọ̀. Ó ní orí rẹ̀ dáa, Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù ti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn á sì lo ọkàn tó yà. Ó gbé pátákó tuntun ka iwájú rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ míì ṣe, èyí tí kò wọ́. Ohun tí Má-parẹ́ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Máníjà bi í pé kí nìyẹn.

"Ọ̀mọ̀ràn ló ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀, sà."

Máníjà mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà jáde. Kó tó ṣí i wò pàápàá, Má-parẹ́ ti gbé ẹ̀dà kan wálé, ó ti pe àwọn ọmọ àdúgbò sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ọmọbìnrin aládùúgbò tó mọ̀wé kà jù lọ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kó ka ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn sókè. Kò mọ̀ pé máníjà ti rí lẹ́tà ẹsẹ̀ èèrà náà lójú kọ̀ǹpútà, pé ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì ti fi ìka kan pa á rẹ́, kó tó kọ ohun tirẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìwé.

"Pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù," ló kà. Ó gbójú sókè. "Bàbá, ta ni Ọ̀mọ̀ràn Kálàmù?"

Nínú pálọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Má-parẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá orúkọ rẹ̀.

"Àgbà kan ni," ló wí nígbà tó yá. "Ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ."