Àmì Kan Lórí Pátákó

Ọ̀nà ìdíje alùpùpù náà gba inú pálọ̀ ìyá wa kọjá. Wọ́n ti da ọ̀dà sí i láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìdáná, ìyá wa sì jókòó sójú ọ̀nà náà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bí alùpùpù bá ti ń bọ̀, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, wọn á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, á tún gbé e sílẹ̀.

Àwọn àbúrò mi méjì ló ń sáré. Oyèníran ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní kọ́nà kejì pápá ìdíje ìlú wa. Oyèkànmí, àbíkẹ́yìn wa, ṣì wà láàyè. Èmi ni mo mú aago dání. Iṣẹ́ tí mo máa ń bá wọn ṣe nìyẹn, nítorí olùkọ́ ni mí, mo sì tètè máa ń kọ iye ìyípo tó kù sórí pátákó, kí wọ́n lè kà á bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Aago náà ń sọ̀rọ̀. Ó ń pe iye ìṣẹ́jú àáyá tí oníkálukú fi yípo. Ti Oyèníran kì í yí padà: méjìdínláàdọ́rùn-ún, méjìdínláàdọ́rùn-ún. Kò kúkú sí ohun tó ń rẹ òkú. Ti Oyèkànmí ló ń já wálẹ̀: márùndínlọ́gọ́rùn-ún, mẹ́tàléláàdọ́rùn-ún, mọ́kànléláàdọ́rùn-ún. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ta ni kì í fẹ́ kí àbúrò òun mọ eré sá?

"Bí iye wọn bá dọ́gba," aago wí, "ẹyọ ẹnì kan ni màá máa kà."

"Má ka ọmọ fún mi," ìyá wa dá a lóhùn láìgbójú sókè. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ẹ̀rù bà mí. Ìyípo mẹ́wàá ló kù, ṣùgbọ́n mo pinnu láti parọ́ fún Oyèkànmí pé ẹyọ kan ni, kí ó lè dúró kí iye wọn tó dọ́gba. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà: Ó KU 1. Mo fi àmì sí i dáadáa. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí àmì ohùn, mi ò jẹ́ gbàgbé ìyẹn. Mo gbé pátákó sókè. Àmì orí O sọ̀kalẹ̀, ó rọra rìn kọjá K, ó sì jókòó sórí U.

Mo fi ìka nù ún. Kò nù.

Oyèkànmí ti dé. Ó kà á: O KÚ 1. Ó mi orí sí mi, bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá rán an níṣẹ́, ó sì mú eré pọ̀ sí i.

Alùpùpù kan ṣoṣo ló padà wá. Ó dúró níwájú ìyá wa. Oyèníran ló ṣí àṣíborí lójú, òógùn sì bò ó. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná. Inú mi dùn láti rí i, ojú sì tì mí pé inú mi dùn.

"Kànmí ńkọ́?"

"Ó bá mi ní kọ́nà kejì, Àǹtí mi. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé wá jẹun. Ó ní òun lẹ kọ̀wé sí."

Ìyá wa bu omi fún un. Mo sáré bọ́ sójú ọ̀nà, mo dúró, mo ń retí ìró alùpùpù.

Aago pè é lọ́wọ́ mi: "Méjìdínláàdọ́rùn-ún."

Kò sí ẹni tó kọjá.