Ẹsẹ̀ Mi Lórí Búréèkì

Ẹ má bi mí pé kí ni mo wá dé àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ pàápàá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹni tó ni páálí mílíìkì tí mo ń kó lọ sí Òkè Àrin ló ní kí n gba ẹ̀yìn Jankara, pé ọ̀nà ibẹ̀ já geere. Èmi Síkírù, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí mo ti ń wa tírélà láti ọdún mẹ́tàlélógún, mo sì gbọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kọnkéré orí gọ́tà fọ́ lábẹ́ táyà òsì, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fara ti ilé kan gbàgà! Ilẹ̀kùn mi lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wá dí ẹnu ọ̀nà ilé náà pa, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní òmíràn.

Ilẹ̀kùn ọ̀tún ńkọ́? Mo ti ní kí wẹ́dà jó o pa lọ́dún tó kọjá, nítorí ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ lórí eré. Fèrèsé rẹ̀ náà rèé, ikùn mi ò lè gba ibẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Èmi náà bú wọn padà. Wọ́n ní ọkọ̀ tó máa fà mí jáde ti ń bọ̀ láti Obalende. Láti aago méjì ọ̀sán ló ti ń bọ̀.

Fèrèsé yàrá kan kọjú sí tèmi gan-an, mo lè nawọ́ kan irin ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ nǹkan tó ń dún fíì, fíì. Mo rò pé táyà mi ló ń jò.

"Kí ló ń dún níbẹ̀ yẹn?" Mo jágbe mọ́ wọn.

Obìnrin kan fa kọ́tìnnì. Khairiyyah lorúkọ rẹ̀, bí mo ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá. "Ọmọ mi ló ń mí bẹ́ẹ̀! Ikọ́ fée ló gbé Ihsan. Ẹ ti tì wá mọ́lé, mi ò lè gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rọ tó fi ń fa oògùn símú wà níbí, oògùn wà, kò sí iná láti àná. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ pa á o!"

Mo kọjú sí fèrèsé ọ̀tún, mo kígbe pe ẹnikẹ́ni tó bá lè fún wa ní iná.

Wàsíù, réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ mi ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, wà láàárín èrò. Ó sáré gbé ínfátà rẹ̀ wá, ohun kékeré kan tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Ṣùgbọ́n apá òsì ni bátìrì mi wà, ògiri ti há a mọ́. Ló bá gun àárín orí ọkọ̀ àti ẹrù, níbi tí wáyà tó ń gbé iná lọ sẹ́yìn tírélà wà. Ó tú u, ó ń dán ihò rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, iná ẹ̀yìn ti kú! Ṣebí mo sọ fún yín ṣáájú ààwẹ̀ pé wáyà yìí ti jó?"

"Wàsíù, o lè bú mi lọ́la."

"Ẹ tẹ búréèkì!"

Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ti búréèkì wà! Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni iná ń gba ibẹ̀ wá, ẹ má gbẹ́sẹ̀ o!"

Ó so ínfátà mọ́ ọn, ó ti wáyà rẹ̀ gba àárín irin fèrèsé. Ẹ̀rọ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ṣíná ọkọ̀ kí bátìrì má baà kú, àfi bí èéfín ṣe rọ́ wọ inú yàrá, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni pé àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Kíá, mo pa á. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ búréèkì tírélà, òun náà ló ń tan iná búréèkì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, èyí tó wà nínú táǹkì nìkan ló kù, gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbẹ́sẹ̀ ni díẹ̀ ń tú jáde. Tó bá tán, iná tán.

Wàsíù na òkúta sí mi láti fèrèsé ọ̀tún. Mo gbé e lé búréèkì. Ọkọ̀ ti fì, òkúta yọ̀, afẹ́fẹ́ tú pììì!

"Ẹ̀rọ ti dákẹ́ o!" Khairiyyah figbe ta.

Mo tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ tún kùn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń ka afẹ́fẹ́ ti sún mọ́ pupa. N kò tún ní fi òkúta dán an wò mọ́. Ẹsẹ̀ mi ló kù.

Ẹ ò mọ̀ bí ìṣẹ́jú ṣe ń gùn. Iṣan ẹsẹ̀ mi dì, òógùn ń wọ̀ mí lójú, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo bú ẹni tó ni mílíìkì, mo bú wẹ́dà, mo wá bú ara mi, tèmi yẹn ló pẹ́ jù. Mo ń fetí sí fíì, fíì náà. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.

"Ìyá Ihsan!"

Mo nawọ́ gbá irin fèrèsé.

"Ìyá Ihsan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún mi mọ́lẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ tí n kò tíì rí rí.

Kọ́tìnnì ṣí. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ike ẹ̀rọ náà bo imú rẹ̀, ìyá rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn. Ó wò mí títí, èmi tí ẹnu mi là sílẹ̀, tí àyà mi ń lọ sókè sódò.

"Mọ́mì, bàbá yìí náà ò lè mí."

Ó yọ ike náà nímú, ó nà án sí mi láàárín irin. "Ẹ fà á. Kò korò."

Khairiyyah nu ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀. Ara Ihsan ti ń balẹ̀."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà.

"Dá a padà símú, ọmọ mi," mo wí. "Fà á tán. Mo ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."