Mọ́kànlá Tó Yè

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ta ní í gbọ́ nígbà tí ọ̀ràn ṣì tutù? Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò gbọ́. Òun ni ọ̀gá ní ilé kan létí òkun tí wọ́n ti ń sin ọ́ísítà, ẹran inú ìkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń tọ́jú àwọn táǹkì. Ọkọ Ọ́ísítà ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pè é, nítorí ó máa ń kí àwọn ẹran náà káàárọ̀ kó tó kí èèyàn.

Nígbà tí àìsàn pa gbogbo ọ́ísítà inú omi wọn, mọ́kànlá péré ló yè. Àbúrò yìí kó wọn wọlé, ó tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́ta gbáko, wọn kò bí. Lọ́dún kẹrin, wọ́n bí ọmọ kún táǹkì kan. Bí àwọn ọmọ náà bá dàgbà, a jẹ́ pé irú ọ́ísítà tí àìsàn ò lè pa ti délé nìyẹn. Ẹ̀yin náà ì bá rí bí ọkùnrin náà ṣe ń rẹ́rìn-ín kiri.

Ọmọ ọ́ísítà kì í jọ ìyá rẹ̀. Ó kéré ju iyanrìn lọ, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Bó bá tó àkókò, yóò yọ ojú dúdú kan, yóò yọ ẹsẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ náà wá ibi tó máa jókòó sí títí ayé. Oògùn kan wà tí wọ́n ń bù sómi kí ọmọ náà lè para dà di ọ́ísítà láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í dédé ṣiṣẹ́: ibì kan wà lára ọmọ náà tó ń gbà á, bí etí ṣe ń gba ọ̀rọ̀. Ojú lè ti yọ kí ibẹ̀ má tíì pé; bí ẹsẹ̀ bá yọ la tó ń mọ̀ pé ó ti pé. Ìdí nìyí tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi kọ ọ́ mọ́ ògiri pé: Ẹ rí ẹsẹ̀ wọn kí ẹ tó bu oògùn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò wo omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó di ọ̀tunla. Wọn ò tíì máa rìn."

Inú bí obìnrin náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò ti tọ́ ọ sọ́nà lójú àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jàre.

"Ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Nígbà tí àbúrò lọ jẹun, ẹ̀gbọ́n fi ojú kan máíkírósíkóòpù. Ó rí ojú dúdú, kò wo ẹsẹ̀. Ó bu oògùn. Wákàtí kan kọjá, ẹyọ ọmọ kan kò para dà. Dípò kó da omi náà nù, ìlọ́po méjì ló tún bù sí i. Ẹni tí kò tíì ní etí, ṣé igbe la máa ké mọ́ ọn? Igbe ló ké.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti rọ̀ sísàlẹ̀ táǹkì bí eruku.

Àbúrò yẹ omi náà wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ wọn kẹ́ ẹ tó bù ú?"

"Mo rí i."

Irọ́ kékeré, kò tiẹ̀ kún ẹnu. Àbúrò gbà á gbọ́, nítorí kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

"A jẹ́ pé irú wọn ni ò dáa," ló wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi sin àìsàn."

Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ọ́fíìsì. Ó ní òun máa sọ fún un tí àbúrò bá jẹun ọ̀sán tán. Ọ̀sán kọjá, ó ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ojú ń tì í, ká sòótọ́. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó dìde, ó gba yàrá ẹ̀yìn lọ.

Ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí tábìlì pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ìkarahun mẹ́wàá ti là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń wá àìsàn nínú àwọn òbí.

"Mi ò rí nǹkan kan tó ṣe wọ́n," ló wí, ó sì mú ìkọkànlá.

"Fi sílẹ̀!" Obìnrin náà ké mọ́ ọn. "Mi ò wo ẹsẹ̀ wọn. Mo parọ́ fún ọ. Kò sóhun tó ṣe irú wọn, èmi ni mo pa wọ́n."

Àbúrò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó rọra dá ọ́ísítà kan ṣoṣo tó kù padà sínú omi, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹyọ kan kì í dá bímọ. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ̀ bá ti sọ fún mi láàárọ̀."