Àpò Alábùlẹ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ìyàwó télọ̀ nígbà ayé ọkọ rẹ̀, ẹ ṣáà gbé àpò alábùlẹ̀ fún un pé kó fi lọ sọ́jà. Ọkọ rẹ̀ kì í fi ọ̀rá di aṣọ fún oníbàárà. Aṣọ tó bá rán tán, inú àpò tó fi àjákù aṣọ rán ló ń gbé e sí, kò sì ní gba nǹkan kan lé e. Ó ní ọ̀rá ti dí gọ́tà àdúgbò pa tó, òun ò ní fi tòun kún un.

Ọ̀rọ̀ gidi ni, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tiẹ̀ wo àpò náà ná: ẹ̀gbẹ́ kan pupa, ẹ̀gbẹ́ kejì aláwọ̀ ewé, ìdí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀. Bàbá Alábùlẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, ojú sì ń ti ìyàwó rẹ̀. Á gba àpò, á ká a pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sì gba ọ̀rá mẹ́fà bọ̀ lọ́jà. Aṣọ gan-an, èyí tí wọ́n ti rán tán lọ́jà ló ń rà. Ìyàwó télọ̀ o!

Nígbà tí télọ̀ kú, àwọn àbúrò rẹ̀ pín aṣọ rẹ̀. Ìyàwó kó gbogbo àpò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mẹkáníìkì iwájú ilé kó máa fi nuwọ́. Ó rò pé ọkàn òun á balẹ̀.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Nígbà tó di oṣù kẹta, àárò ọkọ rẹ̀ mú un débi tí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó wo yàrá yíká, kò rí ẹyọ nǹkan kan tí ọwọ́ ọkùnrin náà rán. Ó bá jáde lọ bá mẹkáníìkì.

"Ọmọ mi, àwọn àpò yẹn, ṣé ó ku ọ̀kan?"

Mẹkáníìkì nawọ́ sí garawa kan tó kún fún àkísà olóòórùn epo. "Màámi, ẹ ní kí n fi nuwọ́. Mo fi nuwọ́." Nígbà tó wá rí ojú obìnrin náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ wo ọ̀dọ̀ Oníbúrẹ́dì ní ìkóríta. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó ṣì ní ọ̀kan."

Lóòótọ́, àpò náà wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, búrẹ́dì kún inú rẹ̀. Ìyàwó télọ̀ fọwọ́ kan igun rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ rẹ̀ máa ń rán igun kó má baà ya. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, fún mi," ló wí. "N ò ní nǹkan kan tó rán mọ́."

"Ọdún mẹ́jọ rè é tí mo ti ń lò ó," ni Oníbúrẹ́dì sọ. "Òun ni mo fi ń gbé búrẹ́dì lọ fáwọn èèyàn nílé. Ọkọ yín ní ẹ̀yin lẹ máa ń bá òun yan àwọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ yàn bí ìyàwó òun. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa oníbàárà máa ń jowú yín?"

Ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, ìyàwó télọ̀ ò bá a yan àwọ̀ kan rí.

Oníbúrẹ́dì ti kó búrẹ́dì jáde, ó ká àpò fún un. "Ẹ máa mú un lọ, Màámi. Ọ̀rá pọ̀ nígboro, màá máa fìyẹn gbé e."

Ìyàwó télọ̀ fi àpò mọ́yà, ó kọrí sílé. Kò tíì dé ìdí òpó iná tó fi dúró. Ó wo ọ̀rá tó dí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó wá padà sọ́dọ̀ Oníbúrẹ́dì.

"Gbà," ló wí. "Má fọ̀rá gbé e. Tó bá ya, gbé e wá, màá bá ẹ rán an."

Nígbà tó délé, ó ṣí aṣọ orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Láyé rẹ̀, kò rán nǹkan kan rí. Ó fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú, ó ń wá ihò abẹ́rẹ́.

"Báwo lẹ ṣe máa ń ki í bọ̀ ọ́ ná?" ló bi ọkọ rẹ̀.

Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń retí kó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó tún òwú náà pọ́n.