Ulé Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

"Mà, ó ní òun ò mọ ulé." Ẹkún ti fẹ́ gba ohùn Tolúlọpẹ́. "Bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ọ́ fún un lókè!"

Ọmọ́bọ́lá, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, tẹ̀ba wò ó. Ọ̀rọ̀ pupa ṣì wà lórí ìlà kẹsàn-án. Ó wo ìlà kejì, níbi tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ fún ilé ewúrẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Ó rí orúkọ náà níbẹ̀.

Aago méjì ni pírínsípà fẹ́ gba orúkọ àwọn tí yóò lọ díje kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ kò ní lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní táàmù tó kọjá, tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ mèremère tí àṣẹ ti wà lára wọn ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lójú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó tó Tolúlọpẹ́ ní kíláàsì. Ewúrẹ́ rẹ̀ a máa sá fún òjò wọlé, àwọn olùkọ́ a sì máa pera wọn wá wò ó. Nígbà tó di pé kí wọ́n máa fọwọ́ kọ àṣẹ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ ò rìn mọ́.

"N ò rí ohun tó ṣe é," Ọmọ́bọ́lá wí. Orí fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ohun tí kò bá mọ̀, kì í fi ẹnu dídùn bò ó.

Ṣadé, ọmọ olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìbàdàn, na ọrùn wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Tolú ará oko! Ilé lo kọ lókè, ulé lo kọ nísàlẹ̀!"

Ojú ti Ọmọ́bọ́lá. Ayégbajú, níbi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé, ni wọ́n bí òun náà sí. Ọ̀kan náà ni ojú rẹ̀ ka méjèèjì sí.

"Ṣé kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, mà?"

"Kò mọ nǹkan kan. Èyí tó o bá kọ́kọ́ kọ fún un nìkan ló mọ̀."

Tolúlọpẹ́ tún un kọ. Ọ̀rọ̀ pupa kúrò lórí ìlà kẹsàn-án, ó bọ́ sórí ìlà kọkànlá.

Pírínsípà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyáàfin, ti Tolúlọpẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Mi ò béèrè èyí tó kù."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá gbé ojú kúrò.

"Kò tíì ṣiṣẹ́, sà."

Pírínsípà kọ orúkọ Ṣadé, tí tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lọ.

"Ẹ ò bá ti ní ó ń ṣiṣẹ́, mà."

"Tá a bá wá dé Adó ńkọ́?"

Tolúlọpẹ́ yíjú sí ìlà kọkànlá. Ọmọ́bọ́lá fa àga, ó jókòó tì í. Ọmọ náà ò wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde.